Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti wá síbí?

Ìyá yẹn kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, bóyá mi ò bá ti gbàgbé rẹ̀ tipẹ́. Ó gbé àpò rẹ̀ síwájú mi, ó tú u, ó sì kó àwọn ìwé inú rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ wọn bí ẹni ń tẹ́ aṣọ. Ìwé ẹ̀rí ikú ọkọ rẹ̀ ló ń wá, kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ìfẹ̀yìntì olóògbé fún un. Mo wo ìwé àkọ́kọ́, mo wo èkejì, mo dé orí ìkẹta, mo rí i pé ìwé tó ti ilé ìwòsàn wá kò ní òǹtẹ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ padà fún un. Mo ní, "Ẹ má bínú mà, òǹtẹ̀ ò sí lára èyí. Ẹ padà lọ gbà á wá."

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. "Ọmọ mi," ó ní, "ẹ̀ẹ̀karùn-ún tí mo ń wá rèé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, fọ́tò ló kù. Lọ́jọ́ kejì, fótókọ́pì. Wọ́n tún ní kí n lọ mú ẹlẹ́rìí wá. Nígbà tí mo mú ẹlẹ́rìí dé, ẹni tó máa buwọ́ lù ú ti lọ ìsinmi. Jọ̀ọ́, ṣé o lè bá mi wò ó dé ìsàlẹ̀ lónìí, kí o sọ gbogbo ohun tó kù fún mi lẹ́ẹ̀kan náà? Bí mo bá tún padà wá tí o tún rí òmíràn, mi ò rò pé ẹsẹ̀ mi á tún gbé mi débí mọ́."

Ọdún kẹfà mi lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba nìyẹn, nídìí wíńdò tí wọ́n ti ń forúkọ ọmọ tuntun àti ti òkú sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni mo ṣe ń ṣe é: bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ibi tó o bá ti bá àṣìṣe pàdé, dúró níbẹ̀, dá ìwé padà, pe ẹni tó kàn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá wa ṣe fẹ́ ẹ, nítorí pé ìlà máa ń gùn dé ìta, ẹni tó bá sì ti kúrò níwájú wíńdò, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí lójú tiwa. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ nínú wa pé ẹni tá a dá padà yìí, ibo ló ń lọ. Ó ń padà bọ̀ ni. Bó bá di ọ̀la tàbí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, orí ìlà yẹn náà ló máa tò sí. Àwa fúnra wa là ń fa ìlà náà gùn, tá a tún ń ráhùn pé èrò pọ̀.

Mo ka ìwé ìyá náà dé ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nǹkan méjì mìíràn ló tún kù. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni orúkọ ọkọ rẹ̀ lórí ìwé ilé ìwòsàn fi yàtọ̀ sí ti orí káàdì ìdánimọ̀. A sì tún nílò nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó wọn, èyí tó jẹ́ pé ọ́fíìsì tiwa gan-an ló fún wọn, nínú yàrá kejì sí tèmi. Mo dìde, mo lọ wá a nínú ìwé ńlá tó wà níbẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ká ní mi ò dìde ni, ìyá náà ì bá tún wá nítorí ìyẹn nìkan. Mo kọ ohun tó kù sórí ìwé kan fún un, mo buwọ́ lù ú, mo kọ orúkọ mi sí i, kí ẹnikẹ́ni tó bá bá ní wíńdò má bàa bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó padà wá, ó gba ìwé rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti gbé ìwé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò. Gbogbo ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ mi ni mo ń bi pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti wá síbí lórí ọ̀rọ̀ yìí?" Mo fa ìlà sójú ìwé náà: iye ìgbà lápá òsì, ohun tó dá wọn padà lápá ọ̀tún. Àwọn kan kọ́kọ́ fura sí mi. Bàbá kan dáhùn pé ẹ̀ẹ̀kan ni, ọmọ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá sì ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni, Bàbá." Bàbá náà ṣẹ́jú sí i pé kó dákẹ́. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé òun ò fẹ́ kí n rò pé òun ń ráhùn, kí n má lọ ti ìwé òun sísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Ẹni tó wá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ń ṣọ́ ẹnu lọ́dọ̀ mi bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, mo jókòó ti ìwé náà. Mo ti rò pé ìdí tí wọ́n fi ń padà wá á pọ̀ tó iye wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn ohun díẹ̀ kan náà ló ń dé léraléra. Ìwé tí wọn ò mọ̀ pé a máa béèrè. Ẹni tó ń buwọ́ lùwé tí kò sí nítòsí. Orúkọ tí wọ́n kọ báyìí níbì kan, tí wọ́n kọ bámìíràn níbòmíì. Èyí tó wá pọ̀ jù ni fótókọ́pì ìwé tó jẹ́ pé ìjọba kan náà ló fún wọn.

Èyí ló dùn mí jù. Ìjọba ń rán aráàlú lọ gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba, kó wá gbé e fún ìjọba. Aráàlú ló di ońṣẹ́ láàárín yàrá méjì tí ògiri kan ṣoṣo là láàárín, owó ọkọ̀ rẹ̀ la fi ń ṣe é, ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ la fi ń ṣe é. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bóyá ibì kan wà tí wọn kì í ti í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa Estonia, orílẹ̀-èdè kékeré tí èèyàn ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.3. Láti 2001 ni wọ́n ti ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní X-Road, tí ọ́fíìsì kan fi ń béèrè ohun tó bá nílò tààrà lọ́wọ́ ọ́fíìsì kejì. Wọn kò kó gbogbo fáìlì jọ sínú àgbá kan. Oníkálukú ń tọ́jú tirẹ̀ síbi tó wà, wọ́n kàn ń bi ara wọn léèrè ni. Òfin wọn ò gbà kí ọ́fíìsì méjì máa kó àkójọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ohun kan náà. Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé aráàlú fúnra rẹ̀ lè wọlé lọ wo ọ́fíìsì tó yẹ fáìlì rẹ̀ wò. Bí òṣìṣẹ́ kan bá lọ tú ohun tí kò kàn án, ẹni tó ni fáìlì lè rí i kó sì béèrè ìdí.

Àwa ò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibi iṣẹ́ wa pàápàá ń ṣe ségesège nígbà yẹn. Ohun tá a ní ni ìwé ńlá kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá wa pín lẹ́tà. Mo dábàá pé láràárọ̀, kí á kọ orúkọ gbogbo ẹni tá a bá fẹ́ wá àkọsílẹ̀ wọn sínú ìwé ńlá náà, kí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí gbé e lọ sí yàrá kejì, kó sì gbé e padà dé ní ọ̀sán pẹ̀lú nọ́ńbà tá a nílò. Ọ̀gá mi gbà. Ọ̀gá yàrá kejì kò gbà. Oṣù mẹ́ta la fi bẹ̀ ẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé agídí lásán ni, àmọ́ nígbà tí mo jókòó tì í dáadáa, ó bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò rí ìdáhùn sí lójú ẹsẹ̀: "Bí àṣírí ẹnì kan bá tú láti inú ìwé mi, ta ni wọ́n máa mú?" Òótọ́ ló sọ. A padà lọ tún un ṣe. A ní kí ẹni tó ń béèrè kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ìdí tó fi ń béèrè, kí aráàlú náà sì buwọ́ lù ú pé òun gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó ṣílẹ̀kùn fún wa.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìlà yẹn kúrú débi tí àwọn tó ń ta omi níta fi ń bi wá pé ṣé kò sí iṣẹ́ mọ́ ni.

Ohun kan wà tí ìwé kékeré mi kò lè sọ fún mi, ó sì pẹ́ kí n tó rí i. Àwọn tó padà wá nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó wá lẹ́ẹ̀mejì, tó wá lọ sílé, tó ní òun ò ṣe mọ́, kò sí níbẹ̀ rárá. Irú wọn ni UNICEF ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 2024 nígbà tó kéde pé ọmọ tó tó mílíọ̀nù 150 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni kò sí lórí àkọsílẹ̀ ìjọba kankan lágbàáyé. Ọmọ tí kò sí lórí àkọsílẹ̀, ìjà ni orúkọ rẹ̀ lórí ìwé máa jẹ́ lọ́jọ́ iwájú: níléèwé, níbi iṣẹ́, níbi ìdìbò. Ilé ìwòsàn tó jìnnà àti owó ọkọ̀ wà lára ohun tó ń fà á lóòótọ́. Àmọ́ mo mọ̀ nínú ara mi pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé wíńdò bíi tèmi ló dá wọn dúró.

Àwọn ìlú kan gbìyànjú láti kó gbogbo ọ́fíìsì sábẹ́ òrùlé kan. Ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíìlì ṣe é ní 1995, São Paulo tẹ̀ lé e ní 1997 pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń pè ní Poupatempo, Kẹ́ńyà sì bẹ̀rẹ̀ àwọn ilé Huduma ní 2013. Mo gbà pé ó dára. Èèyàn á wọ ọkọ̀ kan, á sọ̀ kalẹ̀, á rí gbogbo wọn. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà mí níbẹ̀: bí àwọn tó wà lẹ́yìn wíńdò kò bá bá ara wọn sọ̀rọ̀, aráàlú á ṣì máa gbé fótókọ́pì láti wíńdò kìíní lọ sí ìkẹta, kàkà kó gbé e láti àdúgbò kan lọ sí òmíràn. Ìrìn rẹ̀ á kúrú, ọ̀rọ̀ ò ní tíì tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti fọ́ọ̀mù, nítorí ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀ jù. Ìlà àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù ikú wa ni "Orúkọ Olùbéèrè." Ọ̀pọ̀ ń kọ orúkọ olóògbé síbẹ̀. A ó fa igi lé e, a ó ní kí wọ́n lọ gba òmíràn, kí wọ́n tún un kọ. Ọdún mélòó kan la fi ń sọ láàárín ara wa pé àwọn èèyàn kì í ka nǹkan dáadáa. Lọ́jọ́ kan mo mú fọ́ọ̀mù òfìfo lọ bá arábìnrin kan tó ń dúró lórí ìlà, mo ní kó jọ̀ọ́ sọ ohun tó rò pé ìlà àkọ́kọ́ ń béèrè. Ó ní, "Ẹni tí wọ́n ń béèrè rẹ̀ ni, ìyẹn ẹni tó kú." Mo dúró síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yé e, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó yé e. A yí i padà sí "Orúkọ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé yìí." Ìlà kejì di "Orúkọ ẹni tó kú." Bí àṣìṣe orí fọ́ọ̀mù yẹn ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn. Kò ná ìjọba ju títẹ ìwé tuntun lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé àwọn kan ti sọ ọ́ di òfin. Òfin èdè tí Sweden ṣe ní 2009 ní kí èdè ìjọba rọrùn kó sì yéèyàn. Ààrẹ Barack Obama buwọ́ lu irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2010. Mi ò mọ ohun tó yẹ kó ṣáájú èyí níbikíbi tí ìjọba bá ti fẹ́ ran aráàlú lọ́wọ́. Ṣáájú kọ̀ǹpútà, ṣáájú ilé tuntun, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé èèyàn.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé mi lọ sí ẹgbẹ́ tó ń gbé iṣẹ́ wa sórí fóònù. Inú mi dùn. Mo ti rò pé wíńdò ló fa gbogbo wàhálà, pé bí a bá ti mú wíńdò kúrò, ó parí. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo kọ́ ẹ̀kọ́ tí mo gbé dání títí dòní.

A pe àwọn èèyàn díẹ̀ wá kí wọ́n wá dán an wò. Jakob Nielsen, tó ti pẹ́ nídìí irú àyẹ̀wò yìí, kọ ọ́ ní 2000 pé èèyàn márùn-ún ti tó láti fi èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣòro nǹkan hàn, nítorí náà márùn-ún la pè. Òfin ibẹ̀ ni pé kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ onítọ̀hún, kí n má sọ nǹkan kan, kí n má sì fọwọ́ kan fóònù rẹ̀. Ẹnì kejì jẹ́ ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń forúkọ ọmọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìka kan ló fi ń tẹ fóònù. Ó tẹ orúkọ ọmọ, ó dúró, ó kà á síta. Ó tẹ ti ìyá ọmọ. Nígbà tó dé ibi nọ́ńbà káàdì ilé ìwòsàn, ó fi fóònù sílẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó wá awò ojú rẹ̀ nínú àpò, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́, ó wá káàdì náà nínú àpò kejì. Ó tẹ nọ́ńbà mẹ́rin. Ìpè wọlé. Ó dáhùn, ó kí ẹni náà tìdílétìdílé, ó ní òun á padà pè é. Nígbà tó ṣí ojúewé wa padà, ohun tó bá níbẹ̀ ni "Àkókò yín ti tán," gbogbo ohun tó ti kọ sì ti pòórá.

Ó wo fóònù náà, ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹ má bínú o. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la fún un, bó bá sì ti pé, ẹ̀rọ á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo lọ bi àwọn tó kọ ètò náà pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n ṣe bá a nínú irinṣẹ́ tí wọ́n lò ni wọ́n ṣe fi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó pinnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní WCAG, lórí bí ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì ṣe máa ṣeé lò fún gbogbo èèyàn, ti sọ láti 2008 pé bí àkókò bá máa tán, kí á kìlọ̀ fún èèyàn ṣáájú, kí á sì jẹ́ kó lè fi kún un. A tún un ṣe kó máa tọ́jú ohun téèyàn bá kọ bó ṣe ń kọ ọ́, débi pé bó bá sùn tó jí, ibi tó dúró ló máa bá a.

Bí a ṣe ń rí irú rẹ̀ ni ọkàn mi ń lọ sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, nígbà tí wọ́n ṣí ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì HealthCare.gov fún adójútòfò ìlera. Àwọn tó fẹ́ wọlé pọ̀ lọ jàra, èèyàn mẹ́fà péré ló sì rí i ṣe parí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Owó kọ́ ló wọ́n wọn, ọlọ́pọlọ kọ́ ló sì wọ́n wọn. Wọn ò dán an wò tó kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, tó ṣí GOV.UK, ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba wọn, ní 2012, gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n fi ohun tí aráàlú nílò ṣáájú ohun tó rọ ìjọba lọ́rùn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni ìlànà àkọ́kọ́, wọ́n sì ń tú iṣẹ́ síta díẹ̀díẹ̀.

Ìtẹ̀ka náà kọ́ mi lọ́gbọ́n. Nígbà tá a ní kí èèyàn máa fi ìka ọwọ́ jẹ́rìí ara wọn, obìnrin kan wá tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣa òkúta. Ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ kọ̀. Ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó tún tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ kọ̀. Mo gba ọwọ́ rẹ̀ wò: orí ìka rẹ̀ dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Iṣẹ́ ọwọ́ ti jẹ àmì tó wà níbẹ̀ tán. Ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní Aadhaar, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó ní díjíìtì méjìlá, láti 2010, tí àwọn tó ní in sì ti lé ní bílíọ̀nù kan, wọ́n bá irú ìṣòro yìí pàdé lára àwọn àgbà àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ agbára. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ jù lọ ni ẹ̀rọ ń sọ fún pé kò dá a mọ̀. Láti ìgbà náà, mi ò gbà kí ètò kankan kọjá níwájú mi tí kò bá ní ọ̀nà kejì.

Àwọn kan máa ń jókòó lẹ́yìn ọgbà wa, wọ́n ń bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù gbowó. A ti lé wọn títí, wọ́n á lọ, wọ́n á padà. Nígbà tá a fẹ́ ṣe ti orí fóònù, mo lọ jókòó tì wọ́n fún odindi ọjọ́ kan. Wọ́n mọ ibi tí fọ́ọ̀mù wa ti ń dẹkùn fún èèyàn ju bí àwa tá a kọ ọ́ ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé òun máa ń mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bí ọjọ́ ìbí tí wọ́n kọ bá fẹ́ fa wàhálà, nítorí pé fọ́ọ̀mù wa kan fi oṣù ṣáájú, òmíràn fi ọjọ́ ṣáájú. Àwa ò tíì fura sí i rí. Mo mọ̀ pé nínú wọn, àwọn kan ń rẹ́ èèyàn jẹ, mi ò sì gbèjà ìyẹn. Ṣùgbọ́n ibi tí irú wọn bá ti rí jẹ, a jẹ́ pé iṣẹ́ tiwa níbẹ̀ ṣì le jù fún aráàlú.

Àṣìṣe tèmi náà wà níbẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Nígbà tí mo gba agbára díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìbéèrè kúrò nínú fọ́ọ̀mù. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ń yìn mí pé ó ti kúrú. Mo yọ ibi tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ tí ìyá ọmọ ń jẹ́ kó tó lọ́kọ. Mi ò bi àwọn tó ń lo ìwé wa lẹ́yìn wa léèrè. Ó tó bí ọdún kan kí ó tó hàn pé ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà ń wá orúkọ yẹn, àwọn òbí sì ń padà wá sọ́dọ̀ wa láti wá fi kún un. Mo rí ojú wọn lórí ìlà. Èmi ni mo dá ìlà yẹn sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó yọ ohun kan, mo ń tẹ̀ lé ìwé náà lọ sí gbogbo ibi tó máa dé lẹ́yìn tó bá kúrò lọ́wọ́ mi.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sórí fóònù, àwọn kan ní kí á ti wíńdò pa. Mo kọ̀, mo sì ṣì kọ̀. ITU, àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ, sọ ní 2024 pé èèyàn tó tó bílíọ̀nù 2.6 ni kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta gbogbo èèyàn ayé. Denmark, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti kárí, tí wọ́n sọ ọ́ di dandan ní 2014 pé kí aráàlú máa gba lẹ́tà ìjọba lórí ẹ̀rọ, fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò bá lè ṣe é láti máa gba tirẹ̀ ní bébà. Bí àwọn yẹn bá lè fi àyè sílẹ̀, kò sí ìdí tí ẹlòmíràn fi máa ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbà. Ọ̀pọ̀ ló ń lo fóònù báyìí, ìyẹn sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó wà ní wíńdò ráyè jókòó ti ẹni tí kò lè lò ó. Èrè ibẹ̀ nìyẹn lójú tèmi.

Ìwé kékeré mi ṣì wà. Ó ti di ìkẹrin báyìí. Lóṣù tó kọjá, mo lọ rọ́pò ẹnì kan ní wíńdò mi àtijọ́. Lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, a ti lẹ ojúewé kan mọ́ ògiri, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà: gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa mú wá, ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i, ohun tí ẹ kò ní láti mú wá nítorí pé ó wà lọ́wọ́ wa. Ọmọbìnrin kan dé, kò tíì tó ọmọ ogún ọdún, ó dúró síwájú rẹ̀, ó kà á. Ó mú fóònù, ó ya ojúewé náà ní fọ́tò, ó pe ẹnì kan. "Bàbá, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Mo ti rí i. Ó ní a lè ṣe é láti ilé, káàdì yín nìkan ni wọ́n fẹ́." Ó yíjú padà, ó lọ. Kò dé ọ̀dọ̀ mi rárá, mi ò sì bi í ní ìbéèrè kankan.

Mo ṣí ìwé mi. Kò sí ibi tí mo lè kọ bàbá rẹ̀ sí. Mo fa ìlà tuntun kan lápá òsì pátápátá, mo kọ òdo síbẹ̀.